Ìṣẹ́jú Àáyá Méje

Ní Vágar, òkè dúró lọ́tùn-ún, òkè dúró lósì,
adágún sùn ti títì bàálù bí ajá tó rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ nìkan ni kì í sùn.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo dúró lẹ́yìn wáyà,
fíláàsì tíì lábẹ́ abíyá mi.
Ó ku oṣù kan kí n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.
Àwọn àgùntàn Dánjal ń jẹko, wọn ò wojú ẹnikẹ́ni.
Sunnvør ọmọ mi ló ń gbé bàálù bọ̀ láti Bergen,
ọgọ́fà èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ó tẹ́ apá sílẹ̀ bí ẹyẹ òkun.
Ó fa ọ̀pá agbára sẹ́yìn, bí a ti í ṣe é,
ẹ́ńjìnnì méjèèjì rẹ ohùn sílẹ̀,
wọ́n ń kùn bí arúgbó tó ń tòògbé.
Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ yí láti orí òkè wá,
ó gbá bàálù nídìí.
Táyà kanlẹ̀, ó ta.
Ó tún kanlẹ̀, ó tún ta,
òpin títì sì ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀.
Lẹ́yìn òpin títì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkun.

Mo mọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó ṣe é.
Ó ti ọ̀pá síwájú, ó tì í dópin.
Ọwọ́ ti sọ̀rọ̀. Irin kò tíì gbọ́.

Ení.
Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí iná yàrá ni ẹ́ńjìnnì rí,
pé a tẹ̀ ẹ́, ilé sì mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀,
ẹ wá bi mí.
Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ga tó mi, ó wúwo;
àgbà kì í dédé fò sókè lórí ìjókòó.

Èjì.
Afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé mì kí epo tó tẹ̀ lé e.
Bí o bá fi ìkánjú da epo lù ú,
á há a lọ́fun, á wúkọ́ iná.
Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi ń fi ṣíbí bọ́ ọ:
ṣíbí kan, ó dúró kí ó gbé e mì,
ṣíbí kan.

Ẹ̀ta.
Má tíì gbé imú rẹ̀, Sunnvør.
Má tíì gbé e.
Ẹni tí kò tíì ní okun tó ń nà mọ́ òkè,
ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún yẹn gan-an,
èmi ni mo dán an wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú òjò,
Hanus ló di aago mú.
Láti ìkùn dé igbe, àáyá méje. Òfin gba mẹ́jọ.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dára, mo buwọ́ lù ú,
mo lọ jẹ búrẹ́dì mi pẹ̀lú ẹran àgùntàn gbígbẹ.
Ta ló mọ̀ pé méje gùn tó báyìí?
Kẹ̀kẹ́ pupa ráyè wọ inú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà lórí rẹ̀,
mo ti yọwọ́ lẹ́yìn ìjókòó,
kò tíì mọ̀.

Ẹ̀rin, àrún: n ò rántí pé mo kà wọ́n.
Ẹ̀fà, ohùn kan ń gòkè bọ̀ láti inú irin.

Èje, ó jẹ́!
Tíì gbọ̀n nínú ìdérí fíláàsì.
Àwọn àgùntàn sá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí nǹkan sá fún.
Ikùn funfun kọjá lórí mi, táyà ṣì ń yí lófo,
kùrukùru gbé e mì.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó padà wá, ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.
Afẹ́fẹ́ ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Lálẹ́, a jókòó ti tábìlì, ọ̀dùnkún ń hó.
A ò sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀.
Ìgbà tí Billa lọ wá iyọ̀ ló tó fẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Bàbá, ṣé ẹ kà á?"
Mo ní, méje.
Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
Ó ní, "Níbi tí mo jókòó sí, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."